Ohùn Tí Ó Yọrí Ju Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Lọ

  Ọ̀rọ̀ ohùn ni mo mú wá lónìí: bí ohùn ènìyàn ti ń wọ inú ẹ̀rọ, bí ó ti ń bàjẹ́ níbẹ̀, àti bí a ti lè tọ́jú rẹ̀ tí yóò fi dé etí àwọn tí a kò tíì bí.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ àwọn ará ilé iṣẹ́ rédíò nìkan ni èyí. Nígbà kan rí, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà ní láti ní ẹ̀rọ ńlá, téèpù, àti owó. Ṣùgbọ́n lónìí, fóònù tí ó wà lápò yín, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni. Ẹni tí ó ń gba ìwàásù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, ọmọ tí ó ń gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó ilé tí ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ ní ìdálẹ̀, gbogbo wọn ti di agbohùnsílẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá sì ti di ti gbogbo ènìyàn, ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibì kan tí a mọ̀. Ẹ bá mi gba ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọwọ́ ọ̀tún wa ni òkun wà, ní ọwọ́ òsì ni ọ̀sà wà. Ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín omi méjèèjì ni ilẹ̀ Lekki. Bí a bá ti kọjá Ikate, Jakande, Agungi àti Ikota, a ó dé Ajah, níbi tí wọ́n ti ṣí afárá Jubilee ní 2017. Bí a kò bá dúró, a ó kan Ṣàngótẹ̀dó, a ó sì kan Awóyáyà. Abúlé apẹja àti abúlé àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Lónìí, ilé alájà ti gba ibẹ̀ kan. Wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn Lekki ní 2023. Ní 2024, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí òpópónà etíkun tí yóò ti Èkó dé Kàlàbá, etíkun yìí náà ni ó sì gbà kọjá.

Èmi kò wá bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ọ̀nà tàbí nítorí ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé, nígbà tí ilẹ̀ bá ń yí padà báyìí, àwọn àgbà tí ó mọ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ ni ìwé tí ó ṣẹ́kù. Àwọn ni ó mọ orúkọ odò kékeré tí a ti fi iyanrìn dí. Àwọn ni ó mọ oríkì ìdílé tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, àti èèwọ̀ ibi tí wọ́n ti ń pẹja. Ìwé yìí kò ní ẹ̀dà kejì, bí a kò bá gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ọmọbìnrin kan tí ó ń lọ sí ilé-ìwé girama mú fóònù, ó lọ bá ìyá bàbá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Ajah. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ fún mi bí ẹ ti ń dé ọjà Ẹ̀pẹ́ nígbà tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀.” Màmá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nítorí ohùn àgbà kì í le. Ó sọ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láàárín rẹ̀, ẹnì kan ti géètì gbàmù. Lẹ́yìn náà, ọmọ kékeré kan rẹ́rìn-ín kèékèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké ní gbogbo àkókò náà. Ní ìparí, inú Màmá dùn, ó gba fóònù sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ẹnu, ó sì fi gbogbo agbára ki oríkì ilé bàbá rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà délé tí ó tẹ́tí sí i, kí ni ó gbọ́? Ìtàn ọjà Ẹ̀pẹ́ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní láti yí ohùn fóònù dé òpin kí ó tó gbọ́ ọ. Bí ó ti yí i dé òpin ni géètì gbá, tí etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Nígbà tí ó sì kan oríkì, ohùn Màmá ń fọ́, ó ń ha bí ìgbà tí ènìyàn ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àìsàn méjì ni ó wà nínú ìgbohùnsílẹ̀ kan ṣoṣo yìí. Ọ̀kan ní oògùn, èkejì kò ní. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan.

Kí a tó wò wọ́n, ẹ jẹ́ kí a mọ òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ohùn. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni orúkọ rẹ̀. Láti ara orúkọ Alexander Graham Bell, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá tẹlifóònù sílẹ̀, ni wọ́n ti mú un. Òṣùwọ̀n yìí kò dà bí èyí tí a fi ń wọn aṣọ. Bí ẹ bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 kún ohùn, ìgbì rẹ̀ nínú ẹ̀rọ á di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá fi 12 kún un, á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá fi 20 kún un, á di ìlọ́po mẹ́wàá. Etí wa kì í kà á tó bẹ́ẹ̀. Ó ń tó nǹkan bíi 10 kí ó tó dà bí ẹni pé ohùn náà pọ̀ ní ìlọ́po méjì.

Nínú ẹ̀rọ ayé òde òní, òkè ni a ti ń ka òṣùwọ̀n yìí bọ̀ wá sílẹ̀. 0 ni òkè pátápátá. Ẹ fi í wé àjà ilé: kò sí ẹni tí ó lè ga kọjá rẹ̀. Ohùn tí ó wà ní −12 lójú kọ̀ǹpútà fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 12 rẹlẹ̀ sí àjà. Èyí tí ó wà ní −30 rẹlẹ̀ jù ú lọ púpọ̀.

Wàyí o, kí ló dé tí oríkì Màmá fi fọ́? Ẹ̀rọ kì í fi ohùn pamọ́ bí ohùn. Nọ́mbà ni ó ń kọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń wọn ìgbì ohùn ní ìgbà 44,100 tàbí 48,000, ó sì ń kọ nọ́mbà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń lo bit 16, nọ́mbà tí ó tóbi jù tí ó lè kọ ni 32,767. Bí ohùn bá jẹ́ 20,000, á kọ 20,000. Bí ó bá yẹ kí ó jẹ́ 50,000, kò ní irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀. 32,767 ni á kọ. Bí èyí tí ó tẹ̀ lé e bá yẹ kí ó jẹ́ 60,000, 32,767 náà ni á tún kọ. Orí ìgbì tí ó yẹ kí ó rí róbótó bí òkè Olúmọ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n fi àdá bẹ́ ẹ lórí. Pípẹrẹsẹ yẹn ni etí ń gbọ́ bí ohun tí ń ha.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ náà kò fi orí tí ó bẹ́ pamọ́ síbì kankan. Kò kọ ọ́ rárá. Bí ẹ bá sì wá rẹ ohùn náà sílẹ̀ lẹ́yìn náà, orí pẹrẹsẹ kan náà ni yóò máa jẹ́, ó kàn kéré ni. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ń gbìyànjú láti fojú bu ohun tí ó sọnù, wọ́n sì lè mú kí ó sàn díẹ̀ bí orí tí ó bẹ́ bá kéré. Ṣùgbọ́n fífojú bù ni, kì í ṣe ohùn Màmá. Àwọn àgbà wa wí pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí ni àìsàn tí kò ní oògùn.

Àìsàn kejì ní oògùn. Ìtàn ọjà Ẹ̀pẹ́ kéré, ṣùgbọ́n ó wà ní pípé. Kí ló dé tí a kò fi kàn gbé gbogbo rẹ̀ sókè? Ẹ wo ọkọ̀ ẹrù ńlá tí ń bọ̀ láti èbúté. Gbogbo àpò inú rẹ̀ wà nílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pá kan ṣoṣo dúró ṣánṣán láàárín ẹrù, ó yọrí sókè. Ọkọ̀ náà kò lè gba abẹ́ afárá kọjá nítorí ọ̀pá kan. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹrù pọ̀ jù. Ẹrù kò pọ̀ jù. Kí a dá ọ̀pá yẹn dùbúlẹ̀ ni, ọkọ̀ á sì kọjá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn géètì nínú ìtàn Màmá. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́mbà sí i, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohùn Màmá ń rìn ní −26. Kò sí ibi kankan nínú ìtàn náà tí ó kọjá −20, àfi ibi méjì: ẹ̀rín ọmọ dé −8, géètì sì dé −2. Bí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó gbé gbogbo rẹ̀ ga títí tí ohùn tí ó ga jù yóò fi kan àjà, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 2 péré ni ó lè fi kún un. Màmá á kúrò ní −26, á dé −24. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 18 rẹ géètì sílẹ̀, tí a fi 12 rẹ ẹ̀rín sílẹ̀, àwọn méjèèjì á wà ní −20 pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Nígbà náà a lè fi 19 kún gbogbo ìtàn, kí ó ku 1 kí ó tó kan àjà. Ohùn Màmá á ti −26 dé −7. Ó súnmọ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ohùn méjì tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ ni ó ti ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pa mọ́ sínú òkùnkùn.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ní 1922, Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí í ṣe bàbá àgbà Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú àwo ní ìlú London fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ní ọdún yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ àwo kò tíì máa lo máíkì oníná. Iwájú ìwo ńlá kan ni ẹni tí ń kọrin máa ń dúró, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni ó sì ń mi abẹ́rẹ́ tí ń fín ojú ìda. Kò sí bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni lè yí. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí orin bá dé ibi tí ohùn gbé le, olórin á fà sẹ́yìn. Bí ohùn bá rọlẹ̀, á sún mọ́ ìwo. Bí ohùn bá sì le ju bí ó ti yẹ lọ, abẹ́rẹ́ á fì kọjá ààyè rẹ̀, á ya wọ ilà kejì, àwo náà á bàjẹ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni bọ́tìnnì nígbà náà.

Ní 1925, àwọn ilé iṣẹ́ àwo bẹ̀rẹ̀ sí lo máíkì oníná. Ní 1939, wọ́n fẹnu kò ní Amẹ́ríkà lórí mítà kan tí a ń pè ní VU, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fi hàn bí ohùn ti pọ̀ tó. Láti ìgbà tí Nigerian Broadcasting Service ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní 1951, tí tẹlifíṣọ̀n WNTV sì tẹ̀ lé e ní Ìbàdàn ní 1959, wíwo mítà ti jẹ́ ara iṣẹ́ ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Bí ohùn bá ń gòkè jù, á rọra fà á wálẹ̀. Bí ó bá ń rọlẹ̀ jù, á gbé e sókè. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ VU kì í yára. Ó ń gbà tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó gòkè dé ibi tí ó yẹ. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ó tó. Ṣùgbọ́n bí alágogo bá lu agogo, ohùn náà ti yọrí, ó ti wálẹ̀, kí abẹ́rẹ́ tó gbéra. Bákan náà ni ojú gángan nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kọ́kọ́ bà á, àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ bá gbá igbá. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìlù sílẹ̀, ẹ fi ààyè sílẹ̀ lókè ju èyí tí ẹ ń fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ lọ.

Báwo ni a ó ti ṣe é tí ohùn kò fi ní fọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀? Àkọ́kọ́, ẹ dán an wò. Ẹ má ṣe fi “ẹní, èjì, ẹ̀ta” dán an wò nìkan, nítorí kò sí ẹni tí ń ka ẹní, èjì pẹ̀lú ìtara. Ẹ bẹ Màmá pé kí ó ki ìlà kan nínú oríkì náà bí yóò ti kì í gan-an. Ẹ yí bọ́tìnnì títí tí ohùn tí ó le jù yóò fi máa dé nǹkan bíi −12, kí ó má sì kọjá −6. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé ó kéré. Ohùn tí ó kéré díẹ̀ ṣeé gbé dìde. Èyí tí ó fọ́ kò ṣeé tò. Bí ẹ̀rọ yín bá ní bit 24, ẹ lò ó, nítorí ààyè tí ó ní láàárín ilẹ̀ àti àjà pọ̀ púpọ̀ ju ti 16 lọ. Láti bíi 2019 pàápàá, àwọn ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń lo bit 32 irú èyí tí a ń pè ní float, tí nọ́mbà wọn kì í tán. Ṣùgbọ́n máíkì fúnra rẹ̀ ṣì lè fọ́ ohùn bí a bá pariwo sí i lẹ́nu.

Ẹ̀kejì, ẹ mọ bí ó ti yẹ kí ẹ jìnnà tó. Láàárín ẹnu àti máíkì, ìwọ̀n ọwọ́ tí a na ìka rẹ̀ tó fún ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ní ìta gbangba, bí ẹ bá sọ jíjìn náà di ìlọ́po méjì, ohùn á fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 wálẹ̀. Nítorí náà, bí Màmá bá fẹ́ ki oríkì, ẹ rọra fa fóònù sẹ́yìn bí àwọn olórin ayé ìwo ti ń ṣe. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú, mà.”

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ ariwo. Ní Lekki àti Ajah, jẹnẹrétọ̀ kì í jìnnà síni, afẹ́fẹ́ òkun kì í sì í sinmi. Ẹ wọ inú yàrá tí ó ní aṣọ fèrèsé, ẹní àti bẹ́ẹ̀dì, nítorí ohun rírọ̀ ni í gbé ohùn mì. Ògiri lásán á dá a padà. Bí ó bá di dandan kí ẹ jókòó níta, ẹ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí ẹ fi fóòmù tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo máíkì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ ọgbọ́n fóònù. Ọ̀pọ̀ fóònù ń dá ìwọ̀n ohùn ṣe fúnra rẹ̀. Bí Màmá bá ń sọ̀rọ̀, á fi í sí ìwọ̀n kan. Bí Màmá bá dákẹ́ láti mí, fóònù á rò pé ohùn ti kéré jù, á yí i sókè, jẹnẹrétọ̀ á sì ru gùdù bí ẹni pé ó wọlé. Bí Màmá bá tún ya ẹnu, jẹnẹrétọ̀ á sá padà. Ó máa ń su olùgbọ́. Bí ètò inú fóònù yín bá gbà yín láyè láti pa ọgbọ́n yìí, ẹ pa á, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é.

Bí ẹ bá délé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kù. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Audacity, tí ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé láti 2000, a kì í sì í san owó fún un. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà kan, kí ẹ pa ti àkọ́kọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wo àwòrán ìgbì ohùn náà, ẹ ó rí géètì àti ẹ̀rín tí wọ́n dúró bí ọ̀pá lórí ẹrù. Bí wọn kò bá ju méjì mẹ́ta lọ, ọwọ́ ni kí ẹ fi rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìpàdé tí ènìyàn ogún ti ń pàtẹ́wọ́, ẹ ó nílò olùrànlọ́wọ́.

Olùrànlọ́wọ́ méjì ni ó wà. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní limiter. Ẹ fi í wé oníbodè: ẹ ó sọ fún un pé kí ohùn kankan má ṣe kọjá −10; èyí tí ó bá fẹ́ kọjá, á tẹ orí rẹ̀ ba díẹ̀, á jẹ́ kí àwọn yòókù kọjá láìfọwọ́ kàn wọ́n. Nínú kọ̀ǹpútà, ó ń rí ohùn tí ń bọ̀ kí ó tó dé, nítorí náà ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ ni, kì í bẹ́ ẹ lórí. Wọ́n ń pe èkejì ní compressor. Òun kì í dí ọ̀nà. Ṣe ni ó ń dín àpọ̀jù kù. Bí ẹ bá fi ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí −18, tí ẹ sì fún un ní ìlànà mẹ́ta sí ọ̀kan, ohùn tí ó dé −6, tí ó fi 12 kọjá ẹnu ọ̀nà, ìdá kan nínú mẹ́ta 12 náà, ìyẹn 4, ni yóò jẹ́ kí ó kọjá. Ó di −14. Ohùn tí kò dé −18 kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Báyìí ni ohùn líle àti ohùn rírọ̀ ṣe ń súnmọ́ ara wọn, tí a fi lè gbé gbogbo rẹ̀ dìde pọ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé, “Ǹjẹ́ èyí kò ní ba àmì ohùn Yorùbá jẹ́, tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á wá di ọ̀kan?” Ìbéèrè rere ni. Bí ohùn ti le tó yàtọ̀ sí bí ó ti lọ sókè sódò nínú orin ọ̀rọ̀. A lè sọ ọkọ́ jẹ́jẹ́, a sì lè pariwo ọkọ̀; ọkọ́ á ṣì jẹ́ ohun tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ á ṣì jẹ́ ohun tí a ń wọ̀. Àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí, bí ohùn ti le tó ni wọ́n ń fọwọ́ kàn.

Síbẹ̀, àṣejù ní í mú ẹ̀tẹ́ wá. Bí ẹ bá gbé Màmá dìde pẹ̀lú 19, jẹnẹrétọ̀ tí ó wà ní −55 náà á bá a dìde dé −36. Bí ẹ bá sì tẹ gbogbo ohùn pọ̀ kí ó lè dọ́gba gédé, ẹ ó pa oríkì. Ẹni tí ń ki oríkì mọ ìdí tí ó fi ń rọ ohùn níbì kan, tí ó sì ń le ohùn níbòmíràn. Gíga àti rírọ̀ yẹn wà lára ọ̀rọ̀ náà. Ohùn tí ó ṣìnà, bíi ti géètì, ni kí a dá padà. Ohùn tí ó mọ ibi tí ó ń lọ, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ohun kan tún kù. Orí tí ó ga jù kọ́ ni etí fi ń mọ bí ìgbohùnsílẹ̀ ti pọ̀ tó. Àròpọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni. Nítorí èyí, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde ní 2006, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ń jẹ́ LUFS. Ní 2010, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù fi −23 ṣe ìwọ̀n fún ètò wọn, kí olùgbọ́ má bàa máa dìde yí bọ́tìnnì láti ètò kan sí èkejì. Fún ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ń lo −16. Ẹ lè fi Audacity gbé ohùn yín sí ìwọ̀n náà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ti íápíìsì bọ etí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidi. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ohùn dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 40 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Ẹni tí ó yí ohùn sókè dé òpin nítorí ìtàn tí ó kéré, etí rẹ̀ ni géètì yóò gbá. Ẹni tí ó bá tún ohùn ṣe dáadáa ti ṣe ẹni tí yóò gbọ́ ọ lóore.

Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ẹ ó ti kọ́ ọwọ́, Lekki ní ọ̀kan. Ọgbà Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, fẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Àwọn ẹyẹ àti ọ̀bọ wà níbẹ̀, àti afárá orí igi tí ó gùn ní mítà 401. Ẹ lọ pẹ̀lú olùkọ́ yín. Ẹ gbìyànjú láti gba ohùn ẹyẹ kan sílẹ̀ kí ohùn ẹsẹ̀ yín lórí pákó má bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ṣe èyí, kò sí ohùn àgbà tí yóò ṣòro fún un.

Nígbà tí ẹ bá sì ti gba ohùn àgbà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, abúlé rẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́ síbi méjì, kì í ṣe inú fóònù nìkan, nítorí fóònù ń bọ́ sómi, olè sì ń jí i. Kí ẹ tó kúrò níwájú àgbà náà, ẹ fi íápíìsì gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ohun tí ẹ gbà. Bí ó bá fọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un sọ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá ní ó di ọ̀la, ẹ rántí pé ọ̀la kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.